Ǹ Bá Rí I, Ǹ Bá Yọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Níwájú Àwọn Òbí Níbi Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí iṣẹ́ yín wà lára ògiri, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlù lẹ wá gbọ́, kì í ṣe èmi, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé mo ti ń fà á gùn, ẹ jẹ́ kí ìyá ìlù pè mí lórúkọ, mà á jókòó.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn. Bàbá kan ló bi mí ní ẹnu géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Tíṣà, àwòrán lọmọ mi wá kọ́ lọ́dọ̀ yín. Èwo wá ni ti ká máa wá wò ó, kẹ́ ẹ tún máa lùlù lé e lórí? Ṣé ẹ ò lè kọ́ ọ kó yé e, kó máa bọ̀ nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ká pàdé lónìí. Mo rí wọn lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ káàbọ̀, sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi ẹ̀rín gbé kọjá. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa ló ń ṣe é bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: kíláàsì lọ́tọ̀, ìpàtẹ lọ́tọ̀ ní ìparí ọdún, orin lọ́tọ̀ nígbà tí olówó kan bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, màá sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀ tó bá yá. Òṣogbo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ.

Nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira, tíṣà kan wà ní Òṣogbo tó ń jẹ́ Dúró Ládiípọ̀, tó máa ń ṣe orin fún ìjọ. Ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé dùndún wọ inú rẹ̀. Ariwo ta. Àwọn àgbà ìjọ ní irú ìlù yẹn kò yẹ ní ilé Olúwa. Ẹ̀yin tí ìyá ìlù ń ki yín níbi ìdúpẹ́ lónìí, tí ẹ ń jó tí ẹ ń ná owó mọ́ onílù lórí, ẹ lè má gbà pé ọ̀rọ̀ yìí dìjà rí. Ó dìjà. Ládiípọ̀ kò sì dúró ti ìjà náà títí. Ńṣe ló gbé orin rẹ̀ jáde síta, ó ń wá ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Ibi tó rí ni Ìbàdàn wa níbí. Ní 1961, Ulli Beier, ará Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Chinua Achebe, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní apá Dùgbẹ̀, nínú ilé kan tí ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Láyé àtijọ́, àwọn ará Òwèrè a máa fi amọ̀ kọ́ ilé kan fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀, wọn a mọ ère ènìyàn, ti ẹranko, ti ọlọ́pàá, ti òyìnbó, wọn a kùn wọ́n ní ọ̀dà, wọn a kó wọn sínú ilé náà títí yóò fi kún. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọn a pe gbogbo ìlú wá wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́. Òjò á pa á, á wó, bó bá sì di ìgbà mìíràn wọ́n á tún mọ òmíràn. Iṣẹ́ ṣíṣe náà gan-an ni ẹbọ.

Ládiípọ̀ ṣeré níbẹ̀, ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀ ní ìlú òun. Kò wá ilẹ̀ rà, kò dúró de ìjọba. Ilé ọtí tirẹ̀ ló sọ di ilé ọnà. Ó ṣí i ní oṣù Mácì 1962 pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rọ̀, ìtàn Aláàfin Abípa tí àwọn ìjòyè rẹ̀ rán àwọn kan lọ ṣe bí iwin ní Ọ̀yọ́ Ilé kí ẹ̀rù lè ba ọba, kó má bàa kó wọn kúrò ní Ìgbòho. Ọba rán àwọn ọdẹ síbẹ̀, wọ́n mú gbogbo iwin ọ̀hún lọ́wọ́ kan, iwin sì di ẹni tí à ń mọ̀ lójú. Mo máa ń rò ó pé eré yẹn bá ọjọ́ ìṣílé mu: ọkùnrin tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ òrìṣà dẹ́rù bà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé ìtàn ẹni tí iwin ò dẹ́rù bà síta. Bóyá òun ò rò ó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rò ó.

Orúkọ náà wá kù. Àwọn ará Òṣogbo ò gbọ́ Ìgbò. Wọ́n gbọ́ Mbari, wọ́n ní Yorùbá ni: ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Mbárí Mbáyọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gba orúkọ àlejò, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ nílé wọn, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un kò sì jìnnà sí ohun tí ará Òwèrè ní lọ́kàn nígbà tó ń pe ìlú wá wo ilé Àlà.

Àwọn wo ló wá di ayàwòrán nínú ilé yìí? Ibí ni mo fẹ́ kí bàbá wa fetí sí. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Oníná ni. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí, wà lára àwọn òṣèré, ó sì ń lùlù. Rufus Ògúndélé, ìbátan Ládiípọ̀, wà níbẹ̀. Ti Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ijó ló ń jó fún ọkùnrin kan tó ń ta oògùn láti ìlú dé ìlú, ijó yẹn ló gbé e dé Òṣogbo, kò sì bá oníṣòwò oògùn náà lọ mọ́. Denis Williams, ayàwòrán ará Guyana, ti kọ́kọ́ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn kan. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán tó di aya Ulli Beier, ṣe èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọjọ́ bíi márùn-ún péré ni. Kó wọn jọ, fún wọn ní ọ̀dà àti pákó, máa wò wọ́n. Kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya imú. Tó bá rí i pé ọwọ́ ẹnìkan ń fa ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni kọ ilà, a máa fún un ní tádà àti kálàmù pé kó máa bá a lọ. Ẹni tí ọ̀dà ń yá lára, a jẹ́ kó rì í.

Ọ̀pọ̀ ló ti sọ pé ọjọ́ márùn-ún kò lè sọ ènìyàn di oníṣẹ́ ọnà. Àwọn tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Zaria, tí wọ́n fi ọdún kọ́ ọ, kò gbà fún ti Òṣogbo bọ̀rọ̀, mi ò sì lè bá wọn jà, torí ọdún ni èmi náà fi kọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún náà ló ṣe é. Àwọn wọ̀nyí ti wà nínú eré. Buraimoh ti mọ bí iná ṣe ń bọ́ sára aṣọ òṣèré, ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ àti ibi tó yẹ kó ṣú. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, ojú tó ti ń wo ìmọ́lẹ̀ lórí ìtàgé ló fi tò ó. Oyèlámì tó di ayàwòrán kò fi ìlù sílẹ̀. Òun ló tún lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní dùndún àti bàtá ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó mú ọ̀kan.

Ní 1963 Ládiípọ̀ gbé Ọba Kòso jáde, òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Bàtá ló fi ṣe é, torí ìlù Ṣàngó ni. Ìtàn Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà, àwọn jagunjagun Ṣàngó méjì, ló wà nínú rẹ̀, Ẹdẹ tí Tìmì tẹ̀dó sí sì súnmọ́ Òṣogbo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wòran mọ ìtàn náà látẹnu bàbá tó bí i. Ẹ ò lè ṣi ọ̀rọ̀ pè níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bá yín tún un ṣe láti orí ìjókòó. Eré tó yè bọ́ lọ́wọ́ àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn ló lọ sí Berlin ní 1964, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1965.

Ògiri náà kò sì pa ilé ọnà yìí mọ́ sínú. Asiru Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni, ó ń lu bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ, ó ń fi yọ àwọn ẹranko àti àwọn ènìyàn. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Ẹ mọ àwọn kìnnìún sìmẹ́ńtì tó máa ń jókòó lórí ilé àwọn Àgùdà ní Èkó, tí àwọn tó ti Bràsíìlì dé kọ́, tí àṣà náà fi wọ inú ìlú wa gbogbo? Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni Àkànjí ti wá, kó tó di pé ó ń fi sìmẹ́ńtì hun ògiri onílà bí àwọ̀n, tí ẹ ń rí òdì kejì láti ojú ihò rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹnìkan á ní, owó dà? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mbari ti Ìbàdàn gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Párís, Congress for Cultural Freedom. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé àjọ atọpinpin Amẹ́ríkà, CIA, ló wà nídìí owó náà. Àwọn òǹkọ̀wé wa ò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ná an. Mo mẹ́nu bà á torí pé ó máa ń yá wa lára láti sọ pé àwọn àtijọ́ ò ní nǹkan kan, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Owó náà wà níbẹ̀. Owó ilé-ìwé tí ẹ ń san fún wa ni mo fẹ́ràn jù, torí mo mọ ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú yín ti jẹ mí ní tàámù méjì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, kí a tó rí ilé yìí, a ṣe ìpàtẹ ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní ìgboro yìí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, a fi férémù gíláàsì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ, a tẹ káàdì ìpè. Ìyá àgbà ọmọ kan wá láti ọjà pẹ̀lú ìró àti bùbá tó fi ń tajà, ó fẹ́ wo aṣọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pa láró. Mẹ́gáàdì ní káàdì dà? Wọn ò ní káàdì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n wọ mọ́tò lọ sílé. Ọ̀la rẹ̀ ni ọmọ náà tó sọ fún mi. Èmi wà nínú gbọ̀ngàn, mò ń bá ẹnìkan tó wọ kóòtù sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀, kò sì ra nǹkan kan nígbẹ̀yìn.

Ìyá àgbà yẹn, ẹ̀yin ará, aláró ni wọ́n nígbà èwe wọn. Mo ṣe ìpàtẹ àdìrẹ, ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ló mọ àdìrẹ jù mí lọ.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Nígbà tí a wá rí ilé yìí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì àti ìsọ̀ alákàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní a ò ní tẹ káàdì mọ́. Ìpàtẹ àkọ́kọ́ tí a ṣe níbí, Ìyá wá. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 11 nígbà náà, ló ṣe aṣọ tó wà láàárín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Láfún la máa ń pò mọ́ omi, a ó sè é bí ìgbà tí à ń se ògì, a ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ nìyẹn, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ojú sí lára ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sáṣọ. Tiwa níbí, ìyẹ́ adìẹ ni. Ọmọ á ti ẹnu ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ, á fi fa ìlà sára aṣọ funfun, díẹ̀díẹ̀, kó má kán. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀ tán. Bó bá ti gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Ẹ bá fà á jáde, ẹ ó rí i pé ó rí bí ewé tútù. Ọmọ tí kò rí i rí á figbe ta pé ó ti bàjẹ́. Ẹ ní kó dúró. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láti etí aṣọ wá sáàárín, á di aró lójú yín kòrókòró. Ẹ ó tún rì í, ẹ ó tún fà á jáde, ẹ ó tún sá a, títí tó fi máa dú bó ṣe wù yín. Ìgbà yẹn lẹ ó tó ha ẹ̀kọ kúrò.

Ọnà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn lọmọ náà fẹ́ ṣe, èyí tó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú. Ó ya àwọn òpó náà, ó wá ya kẹ̀kẹ́ Márúwá sáàárín wọn, mẹ́ta, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà tí epo wọ́n. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, à ń yìn ín. Ìyá dúró níwájú aṣọ náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n mú etí rẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní:

"Ta ló se ẹ̀kọ yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"O ò sè é jinná. Ó sán nígbà tó gbẹ. Wo bí aró ṣe gba abẹ́ rẹ̀ kọjá níbí. Ọwọ́ ọmọ yìí dáa. Ìwọ lo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́."

Níwájú àwọn òbí. Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n ní ká gbé sítóòfù wá. Wọ́n jókòó lórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé, wọ́n ń ro ẹ̀kọ, wọ́n ń sọ fún mi ìgbà tó yẹ kí n sọ iná kalẹ̀. Ó nípọn ju tèmi lọ, ó ń fà bí ewédú. Àwọn ọmọ yí wọn ká. Alákàrà náà fi akàrà sílẹ̀ ó wá, ó ní ìyá òun náà ṣe é rí, wọ́n jọ ń jiyàn lórí álọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ onílù wa tó yẹ kó ti máa lùlù nínú ilé gbé ìlù síta, ọ̀kan nínú wọn tó ti ń fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dùndún ki ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ìyá, ó sì ṣì í kì. Ìyá gbé orógùn sókè, wọ́n ní, "Rárá o, oríkì ọkùnrin lò ń kì yẹn." Wọ́n fi ẹnu kì í fún un bó ṣe yẹ. Ọmọ náà tún un lù. Ìyá dìde jó pẹ̀lú orógùn ẹ̀kọ lọ́wọ́.

Bàbá wa, èsì yín nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá pe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tí n bá kọ ọ́ sínú ìwé, kíláàsì ni àbí ìpàtẹ ni àbí eré orin? Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo kẹ́kọ̀ọ́ jù níbẹ̀. Ká ní ẹ mú ọmọ yín délé pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ nínú báàgì, ìgbà wo ni ẹnìkan ì bá sọ fún mi pé ẹ̀kọ mi ò jinná?

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tó tóbi ju tiwa lọ ṣì wà láyé. Màmá Níkẹ̀ Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì, tí wọ́n ti wà lára àwọn ará Òṣogbo ìgbà náà, dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, aṣọ híhun àti àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀ bí ẹ bá ráàyè. Ìlú aró nibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó nínú ìtàn: àwọn ọdẹ gé igi, igi wó sínú odò, ohùn Ọ̀ṣun sì ti inú omi jáde pé, "Oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ìlú tó jẹ́ pé ìkòkò aró tó fọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ibẹ̀ ni oníná ti di ayàwòrán.

Mo ti ń rí i tí onílù ń fi ọ̀pá wò mí. Ó kù ọ̀kan. Aṣọ tuntun mẹ́rin wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, àárọ̀ yìí la fà wọ́n jáde nínú aró, ẹ̀kọ ṣì wà lára wọn. Èmi kọ́ ni mo sè é lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ lè lọ wò wọ́n kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì sọ èyí tí kò dára níbẹ̀ fún ọmọ tó ṣe é. Wọn ò tíì gbẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wọ léèsì funfun, ẹ dúró jìnnà sí i díẹ̀.